Ìtọ̀ pupa lẹ́yìn kẹ́mò: àwọ̀ oògùn ni àbí ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè: Ìyá wa gba kẹ́mò jẹjẹrẹ ọmú láàárọ̀ àná, doxorubicin pẹ̀lú cyclophosphamide. Kílẹ̀ tó ṣú, ìtọ̀ wọn ti pọ́n bí omi sóbò. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Doxorubicin ti pupa látinú ìgò, àwọ̀ yẹn náà ló ń bá ìtọ̀ jáde. Yóò pọ́n dọ́gba, kò ní ta wọ́n, kò ní sí ohun tó dì nínú rẹ̀, á sì mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àmọ́ tó bá kọjá ọjọ́ méjì, tàbí tó mọ́ tán tó tún padà pọ́n, ẹ má dá oògùn pupa lẹ́bi mọ́. Ìrora abẹ́ ìkùn àti ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wọ́n lemọ́lemọ́ tó kàn ń kán tó-tó-tó, ti àpò ìtọ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nìyẹn: ẹ pe dókítà wọn. Tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ò jáde rárá, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Kí ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an?

Ìdáhùn: Cyclophosphamide ò lè pa jẹjẹrẹ àfi tí ẹ̀dọ̀ bá kọ́kọ́ tú u. Nínú títú yẹn, phosphoramide mustard jáde, òun ló ń so okùn DNA mọ́ra tí sẹ́ẹ̀lì ò fi lè pín mọ́. Acrolein náà jáde. Ìyẹn ò wúlò fún nǹkan kan. Inú àpò ìtọ̀ ló ń lọ jókòó sí, tó ń bó awọ inú rẹ̀. Bó ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ló ṣe ń bà á jẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n mu omi lítà 2 sí 3 lójúmọ́ (bí ọkàn tàbí kíndìnrín wọn ò bá dá pé, dókítà ni yóò sọ ìwọ̀n), kí wọ́n máa tọ̀ ní wákàtí 2 sí 3, kí wọ́n sì dìde tọ̀ lóru. Ẹni tó ń lo cyclophosphamide oníhóró, àárọ̀ ni kó gbé e mì. Kéèyàn lò ó lálẹ́ kó sì sùn mọ́jú, acrolein ló gbà lálejò.

Ìbéèrè: Wọ́n ní oògùn kan tó ń jẹ́ mesna ń dènà ẹ̀jẹ̀ yìí. Kí ló dé tí wọn ò fún Ìyá?

Ìdáhùn: Ní ìwọ̀n cyclophosphamide tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọmú, tó sábà máa ń jẹ́ 600 mg fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ti awọ ara, omi sábà máa ń tó. Ifosfamide, oògùn kẹ́mò tó jẹ́ ìbátan cyclophosphamide, ni kì í rìn láìsí mesna: bí ifosfamide bá jẹ́ 1000 mg, mesna abẹ́rẹ́ 200 mg ní ìbẹ̀rẹ̀, 200 lẹ́yìn wákàtí 4, 200 lẹ́yìn wákàtí 8. Ẹ ṣọ́ ti wákàtí 8 yẹn, torí òun ló rọrùn jù láti gbàgbé bí aláìsàn bá ti ń múra ilé. Mesna kì í wo àpò tó ti bó, ṣáájú ló wúlò.

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń da póò wọn. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Wọ ìbọ̀wọ́ fún wákàtí 48 lẹ́yìn kẹ́mò, da omi sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mejì, kó o sì fi ọṣẹ fọwọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí aláboyún bá ọ dà á.