Bí ẹ ṣe lè lo “scale” láìṣì í lò

Bí oníbàárà bá sọ fún ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, pé “Scale it for me”, ẹlẹ́ja lè gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n, ó sì lè fa ọ̀bẹ yọ. Ẹni tó fa ọ̀bẹ yọ ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹja bá tẹ̀lé “scale”, kí wọ́n họ ìpẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ̀n lẹ fẹ́? “Weigh it for me” ni kí ẹ sọ. Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n “scale” àrọ̀, torí kò ní ìpẹ́ kankan. Ẹ̀pìyà ló ní in.

Orísun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí ní, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá. Ti ìpẹ́ wá láti èdè Faransé àtijọ́. Òun náà ló wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:18, níbi tí ohun tó dà bí ìpẹ́ ti bọ́ kúrò lójú Sọ́ọ̀lù. Ti òṣùwọ̀n wá láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Norway àtijọ́ tó túmọ̀ sí abọ́, nítorí abọ́ méjì ló máa ń rọ̀ lára òṣùwọ̀n ayé ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ní “scales”. “Scale” ni ti Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kẹta ló bímọ jù: “scala” ti èdè Látìn, ìyẹn àkàbà. Ohunkóhun tó bá ń lọ ní ìpele-ìpele, ìdílé àkàbà ló ti wá: “salary scale”, d-r-m-f àwọn olórin, àti “on a scale of 1 to 10” tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè bí ìrora ṣe tó. Ti máàpù náà ńkọ́? Bí wọ́n bá kọ 1:50,000 sí i, sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà jẹ́ 50,000 sẹ̀ǹtímítà nílẹ̀, èyí tí í ṣe mítà 500. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 4 jẹ́ kìlómítà 2. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní 500.

Ẹni tó ń kọ̀wé yáwó fún iṣẹ́ ẹja sísìn, “on a large scale” ni kó kọ, kì í ṣe “in”. “Scale up” ni kí ó gbòòrò sí i, “scale down” ni kí a dín in kù.

Èyí tó ń ba lẹ́tà jẹ́ jù ni “scale through”. Àárín àwa ọmọ Nàìjíríà ló ti wọ́pọ̀. Lókè òkun, wọ́n lè máà mọ ohun tí ẹ ń wí. Ẹ kọ “She passed the interview” tàbí “She got through”. Bí ẹ bá fẹ́ lo “scale” dandan, ohun tí ènìyàn gùn kọjá ni kó tẹ̀lé e tààrà, láìsí “through”: “He scaled the fence.”