Bí Mo Ṣe Tọ́ Jack Daniel's Ọlọ́dún Mẹ́wàá Wò, Tí Mo sì Fún un ní Máàkì

Nọ́ńbà tó wà lára ìgò yìí ló ń dààmú èèyàn. Kéèyàn tó ṣí i rárá, ọkàn ti fún un ní máàkì: ọdún 10! Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọdún yẹn wà lẹ́nu lóòótọ́, àbí ara pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò nìkan ló wà. Ọdún 2021 ni Jack Daniel's gbé wisikí yìí jáde, nígbà yẹn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ ọjọ́ orí sára ìgò wọn gbẹ̀yìn. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ, ti ọtí tó kéré jù nínú ìgò ni. Bí wọ́n bá da ti ọdún 15 mọ́ ọn, 10 náà ni wọ́n máa kọ.

Mi ò tọ́ òun nìkan wò. Mo gbé Old No. 7, Jack Daniel's tí gbogbo ayé mọ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára Old No. 7, ti ọlọ́dún 10 jẹ́ 48.5. Mo lè máa yin ọjọ́ orí níbi tó jẹ́ pé agbára ọtí ló ń ṣiṣẹ́. Mo wá fi Single Barrel, Jack Daniel's tí wọ́n ń rọ látinú àgbá kan ṣoṣo, ṣe ìkẹta, torí pé 47 ni tirẹ̀, wọn ò sì kọ ọjọ́ orí kankan sí i lára. Ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àgbàdo ìdá 80, báálì 12, ráì (ọkà kan tó jọ àlìkámà) 8. Wọ́n á sẹ́ ẹ gba inú èédú igi mépù kó tó wọ àgbá. Ní Lynchburg, ní Tennessee, Nathan Green tí wọ́n ń pè ní Nearest, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi ṣe ẹrú, ló kọ́ Jack Daniel fúnra rẹ̀, ẹni tí ọtí yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní iṣẹ́ ọtí. Ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ náà tó wá ń sọ ọ́ ní gbangba. Èmi kì í mu ọtí yìí kí n má dárúkọ rẹ̀.

Mi ò jẹ ata lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò sì fi lọ́fínńdà para. Àbúrò ìyàwó mi ló bu ọtí, mo kọjú sí ògiri. Ó bu 20 mìlílítà sínú ife kékeré kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ìdí wọn tóbi, tí ẹnu wọn há, ó kọ A, B, D sí ìdí wọn. Àwọ̀ lè tú àṣírí, nítorí náà mo ní kó pa iná pálọ̀, kó fi ti kíṣíìnì nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la fi wọ́n sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn.

Mi ò ki imú bọ ife. Mo gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, mo la ẹnu díẹ̀, mo rọra mí sínú. Ẹni tó bá pa ẹnu dé, gbígbóná ọtí ló máa gbà á nímú, kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òórùn lẹ máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ kì í ní máàkì lọ́dọ̀ mi, ẹnu ló ń fọ̀. Ìkejì ni mo máa ń kà sí.

Ife A dùn, ó rí ṣákálá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n, ṣúgà, ó sì ti lọ. B ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà, pẹ̀lú fàníílà àti sínámónì, ó sì ta lẹ́nu dáadáa. Nígbà tí mo dé orí D, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti di dòdò tí etí rẹ̀ jó díẹ̀. Tábà wà níbẹ̀, awọ bàtà tuntun wà níbẹ̀, ẹ̀pà sísun tẹ̀ lé wọn. Mo gbé e mì, a ti jiyàn bọ́ọ̀lù díẹ̀ kó tó kúrò lọ́fun mi. Níkẹyìn, igi bẹ̀rẹ̀ sí í fún ahọ́n mi, ó sì korò díẹ̀.

Ewu ọtí àgbà nìyẹn. Bí ooru bá mú, ọtí á wọnú igi àgbá. Bí òtútù bá dé, á tún jáde, á sì kó adùn igi tí wọ́n fi iná jó náà bọ̀. Bó bá pẹ́ jù, ìkorò ló máa kù. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ àgbá ọtí yìí kalẹ̀ láti òkè ilé ìkó-àgbá-sí wá sísàlẹ̀, níbi tí ooru ò ti pọ̀.

Mo ti fura pé D ni ọlọ́dún 10, pé A sì ni Old No. 7. Mo tún ní kó bu D 20 mìlílítà mìíràn, mo sì fi omi mìlílítà mẹ́rin sí i, síbí tíì kan tí kò kún. Ìyẹn fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 40, òun àti A wá di ẹgbẹ́. Tábà àti awọ ò lọ rárá. Ó dá mi lójú nígbà yẹn pé kì í ṣe agbára ọtí lásán.

Máàkì mẹ́ta fún òórùn, mẹ́rin fún ẹnu, mẹ́ta fún bó ṣe pẹ́ lọ́fun. Ife A gba 5.5, B gba 7.5, D gba 8.5, ìkorò ìkẹyìn yẹn wà lára ohun tó dín in kù. Nígbà tá a yí ife padà, D ni ọlọ́dún 10 lóòótọ́, A ni Old No. 7, B ni Single Barrel. Máàkì kan péré ló fi ju Single Barrel lọ o. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń tà á ní ìlọ́po méjì, kó máa tà á lọ. Single Barrel ni màá rà, n óò fi ṣéńjì ra ẹran ṣúyà.