Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Sẹ́ńtà Báàkì Mọ̀ Kó Tó Tọwọ́ Bọ Ìwé

Ìdúró ni iṣẹ́ sẹ́ńtà báàkì, ẹni tó ń ṣọ́ àárín ìlà ẹ̀yìn. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ wá bá ọ, má ṣe dojú kọ ọ́ gbagidi. Kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, tẹ orúnkún díẹ̀, jìnnà sí i tó ìwọ̀n apá kan àtààbọ̀, kí o sì máa darí rẹ̀ sétí pápá. Bọ́ọ̀lù ni kí o tẹjú mọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń jó lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá ta bọ́ọ̀lù jìnnà sí ara rẹ̀ ni kí o tó na ẹsẹ̀. Ìkánjú ló ń lé ọ̀pọ̀ báàkì kúrò níbi tráyàlì, ìyẹn ìdánwò tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi ń yan èèyàn: wọ́n á sáré na ẹsẹ̀, wọ́n á ṣubú, ẹ̀yìn á sì ṣófo.

Nínú bọ́kìsì 18 tó wà níwájú góòlù, gbàgbé pé o lọ́wọ́. Láti 2016, bí o bá du bọ́ọ̀lù tí o sì gbé ẹni tí góòlù ti fẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́ ṣubú, pẹnáritì àti káàdì yẹ́lò ni. Bí o bá fà á láṣọ, rẹ́ẹ̀dì ni.

Bí o bá ń fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù, èyí tó kún fún kìkì ibi tí o ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ èèyàn kò tó. Fi ìdíje méjì tàbí mẹ́ta tó pé 90 ìṣẹ́jú kún un, kí wọ́n lè rí ibi tí o ń dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́nà jíjìn. Kí kámẹ́rà wà lókè, kó máa ká gbogbo ìlà ẹ̀yìn. Bí o bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ òsì, kọ ọ́ gàdàgbà. Irú sẹ́ńtà báàkì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 kúrò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí ti ilẹ̀ òkèèrè, àfi fún ìdí péréte, bíi kí òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin òbí, ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kóun lè wá ẹgbẹ́ ní Yúróòpù fún ọmọ ọdún 16, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ilé ni kó ti kọ́kọ́ gbá a, bíi Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ dọ́gba lórí gbogbo ìwé, ó ṣe tán, ọjọ́ orí tí a dín kù kì í fi èèyàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ájẹ́ǹtì, ẹni tó ń bá agbábọ́ọ̀lù wá ẹgbẹ́, gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì FIFA, àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú rẹ kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún méjì lọ. Ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ju ọdún márùn-ún, mẹ́ta fún ẹni tí kò tíì pé 18. Wọn ò lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé yóò di òfo bí àyẹ̀wò dókítà kò bá dára. Kí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ bá jẹ ọ́ lówó oṣù méjì, má kẹ́rù lọ. Kọ lẹ́tà sí wọn, fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15 láti san án. Bí wọn ò bá san án, o lè fòpin sí àdéhùn lábẹ́ òfin. Tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà àti ìwé báńkì rẹ.