Bí mo ṣe já puolukka kí ìrì dídì tó bọ́

Ẹni tó bá ń gbé Oulu, tó ní òun máa dúró kí òtútù kúrò nílẹ̀ kí òun tó jáde, onítọ̀hún á jókòó sílé títí di oṣù karùn-ún. Ìlú yìí wà létí òkun ní apá àríwá Fínláńdì. Tí oṣù kejìlá bá ti dé ìdajì, oòrùn kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lọ kó tó wọ̀. Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé kì í mọ̀ ni pé oṣù kẹsàn-án, tí ewé ń pọ́n tó sì ń wọ́, ni àwọn ará ibí máa ń wọ igbó jù. Puolukka ni wọ́n ń lọ já: èso pupa kékeré, kíkan, tó ń hù nílẹ̀ lábẹ́ igi páìnì. Èmi náà lọ lọ́dún yìí. Mo já tèmi, mo fẹ́ ẹ, mo tọ́jú rẹ̀, mo sì fi se oúnjẹ. Bó ṣe lọ nìyí.

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé igbó ta ni mo wọ̀: òfin Fínláńdì gba ẹnikẹ́ni láyè, ìbáà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí àlejò, láti wọ igbó kó sì já èso igbó tàbí kó tu olú láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ohun tí òfin kò gbà ni kéèyàn wọ àgbàlá onílé, kó gé igi, tàbí kó dáná nílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Kódà, ẹni tó bá tà lára èso tó já, ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà á. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá wọ oko olóko tó ká ọsàn, kò ní ṣàì rí ẹni tó máa fi igbe lé e.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ló mú mi lọ. Wọ́n ní orúkọ wọn ni kí n máa pè, bí gbogbo ará ibí ṣe ń ṣe. Ẹnu mi kò gbà á. Mo bá ń pè wọ́n ní Mummo, bí àwọn ọmọdé ibí ṣe ń pe ìyá àgbà, inú wọn sì dùn sí i ju bí wọ́n ṣe fi hàn lọ. Wọ́n kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ ọjọ́ kan láàárín oṣù kẹsàn-án, garawa lọ́wọ́ ọ̀tún, garawa lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé ìrì dídì, ìyẹn ìrì tí òtútù máa ń mú dì sórí ewé, máa bọ́ lóru ọjọ́ kejì. Puolukka tí ìrì bá dì lé lórí kò bàjẹ́ o, àwọn kan tiẹ̀ ní ìgbà yẹn ló ń dùn. Àmọ́ ara rẹ̀ á ti rọ̀, tí irin bá kàn án á bẹ́, omi rẹ̀ á sì dà sínú garawa. Èyí téèyàn fẹ́ kó pẹ́ nílé, ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le ni wọ́n ń já a.

Nǹkan mìíràn tí Mummo ń ṣírò ni ìmọ́lẹ̀. Lásìkò yẹn, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà sí méje ni ojúmọmọ fi ń kúrú lójoojúmọ́ ní Oulu. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń lọ sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ibi tí ẹ lè lọ tí ẹ sì lè bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, tó bá fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, òru á ká yín mọ́bẹ̀. Àwọn èèyàn mi tó bá pè láti ilé, òtútù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀wù wà fún òtútù. Kò sí ẹ̀wù òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn àlejò máa ń náwó sí jù láìrí èrè. Ẹ má lọ ra jákẹ́ẹ̀tì ràgàjì kan kí ẹ wá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú sábẹ́ rẹ̀. Òwú máa ń fa omi mọ́ra, kì í sì tètè gbẹ. Òógùn tí ẹ là nígbà tí ẹ̀ ń rìn ló máa padà di òtútù sí yín lẹ́yìn. Aṣọ irun àgùntàn tín-ínrín ni mo wọ̀ mọ́ ara, mo wọ súẹ́tà lé e, mo wá fi jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kì í gbà kọjá bò ó. Ẹni tó ń rìn máa ń gbóná. Ẹni tó tẹ̀ba sójú kan tó ń já èso ni òtútù ń gba ẹ̀yìn wọ̀ lára. Fún ìdí yìí, mo so jákẹ́ẹ̀tì mọ́dìí nígbà tí a ń wọgbó lọ, mo sì gbé e wọ̀ kí n tó fọwọ́ kan èso. Tí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀wù tí ẹ bá wọ̀ nígbà náà kò ní tètè ṣe nǹkan kan fún yín.

Ẹsẹ̀: bàtà òjò tó ga dé orúnkún, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì tí kò fún. Bàtà òjò Mummo dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, Nokia ni wọ́n sì kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni, Nokia tó ṣe fóònù tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ lò nílé, ó ti ń ṣe bàtà rọ́bà kó tó mọ fóònù ṣe.

Ti orí ni kò sí ará ibí tó lè kọ́ mi. Fìlà irun àgùntàn máa ń já irun wa, pàápàá irun etí. Mo dirun mọ́lẹ̀, mo dé fìlà sátínì tí mo fi ń sùn, kí n tó dé ti irun àgùntàn lé e. Mummo wò mí títí, wọ́n ní ṣé fìlà méjì-méjì ni gbogbo ará Nàìjíríà ń dé ni.

Ọ̀nà Pudasjärvi la gbà. Ewé igi birch ti di àwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì méjèèjì. Bí ojúmọmọ ṣe ń kúrú ni àwọ̀ ewé tútù inú wọn ń tú ká, ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á wá fojú hàn. Níbì kan, poro mélòó kan, àgbọ̀nrín tí wọ́n ń sìn níbí, dúró sáàárín títì, wọn ò sì ṣe bí ẹni tó rí wa. Olú ni wọ́n ń wá kiri lásìkò yẹn. Mummo kò fọn fèrè mọ́tò, wọ́n kàn pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì bu kọfí mu nínú fúláásìkì títí àwọn yẹn fi kúrò fúnra wọn. Ká tó wọgbó, a wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀. Ọdẹ ẹyẹ ti wà nínú igbó láti oṣù kẹsàn-án. Tó bá di oṣù kẹwàá, àwọn tó ń dọdẹ hirvi náà á tún dé, ìyẹn ẹranko kan tó ga ju ẹṣin lọ.

Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo èso pupa tó wà nílẹ̀ igbó yẹn. Mummo lóṣòó, wọ́n já ewé kan, wọ́n yí i dà sí ẹ̀yìn. Ewé puolukka le, etí rẹ̀ ká díẹ̀ wọnú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní tóótòòtó dúdú wẹ́wẹ́. Wọ́n já òmíràn tó jọ ọ́ gan-an, sianpuolukka. Ẹ̀yìn ìyẹn kò ní tóótòòtó, iṣan rẹ̀ ló hun ara wọn. Wọ́n ní kí n jẹ èso rẹ̀ wò. Gbígbẹ ni, ó kún ẹnu mi fún ìyẹ̀fun, kò dùn, kò kan. Kì í pààyàn, ó kàn ń fi àkókò ẹni ṣòfò ni. Èyí tó lè ṣèèyàn léṣe ni ti kielo: ewé rẹ̀ fẹ̀, èso pupa rẹ̀ sì ń so rọ̀ lára igi kan ṣoṣo. Májèlé ni. Ẹ má fi ẹnu kan èso kankan tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá tíì fi hàn yín.

Poimuri ni irinṣẹ́ wọn. Àpótí kékeré tó ní ọwọ́ lókè ni, wọ́n sì to eyín irin gígùn sí i lẹ́nu. Ẹ ó ki eyín yẹn bọ ìsàlẹ̀ igi èso, ẹ ó sì rọra gbé e sókè, kí ewé yọ láàárín eyín, kí èso kù sínú. Gbígbé ni, kì í ṣe fífà. Ẹni tó bá ń fà á, gbòǹgbò ló máa tu, kò sì ní rí nǹkan kan já níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ tún dúró kí ìrì àárọ̀ gbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ewé tútù máa ń lẹ̀ mọ́ èso, ẹ ó sì jẹ ìyà rẹ̀ nílé. Àwọn tó já puolukka tà fún iléeṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá láti Táílàǹdì fún ọ̀pọ̀ ọdún, irinṣẹ́ yìí ni wọ́n ń lò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì péré, ìdí mi ti ń pe orúkọ mi. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn láti ọjọ́ yẹn.

Igi páìnì kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Téèyàn bá tẹjú mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó bá gbójú sókè, kò ní mọ apá ibi tí mọ́tò wà mọ́. Mo ti gbé áàpù 112 Suomi sórí fóònù mi: tí ẹ bá fi pe àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí, ó máa fi ibi tí ẹ wà hàn wọ́n. Àpò inú, tó sún mọ́ ara, ni mo fi fóònù sí, torí òtútù máa ń mu bátìrì. Mo tún béèrè nípa béárì. Mummo ní wọ́n wà o, puolukka náà ni wọ́n sì ń jẹ sanra kí wọ́n tó lọ sùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ ohùn èèyàn, wọ́n á yà. Mo bá gbé orin ìsìn, mi ò sì dákẹ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Béárì kankan kò yọjú. Eṣinṣin kan ló fẹ́ lé mi kúrò nínú igbó, hirvikärpänen ni wọ́n ń pè é. Ara hirvi ló ń wá, àmọ́ ohunkóhun tó bá ń rìn tó sì gbóná ló máa ń bà lé. Ọ̀kan bà lé mi lọ́rùn ọwọ́: pẹlẹbẹ, aláwọ̀ ilẹ̀. Ó bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú mi báyìí, ó sì ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sínú apá ẹ̀wù mi. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ. Àfi ìgbà tí mo fi èékánná méjì há a láàárín. Irun ni wọ́n fẹ́ràn jù, fìlà sátínì tí Mummo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ sì gbà mí lọ́jọ́ yẹn, torí inú irun Mummo ni a ti ń ṣa eṣinṣin nínú mọ́tò. Ìrì dídì tí à ń sá fún yẹn, tó bá ti le gan-an, ló máa ń fòpin sí eṣinṣin náà.

Iṣẹ́ kù nílé. Ewé, abẹ́rẹ́ páìnì, igi wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bá èso wọlé. Ọgbọ́n Mummo ni pé wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn sórí pákó tó dagun, wọ́n sì ń da èso láti òkè. Èso á yí lọ sísàlẹ̀, ewé á lẹ̀ mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó dára, ó kàn lọ́ra. Èmi gbé tèmi lọ sẹ́yìn ilé níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, mo sì ń dà á láti abọ́ sí abọ́ bí màmá mi ṣe máa ń fẹ́ ẹ̀wà. Mi ò tíì dé ìdajì tí Mummo fi gbé garawa tiwọn wá bá mi.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba wàhálà. Mo da èyí tó pọ̀ jù sínú fíríṣà láìfọ̀ ọ́. Mo gún ìyókù díẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ìgò láìfi ṣúgà sí i, ó sì wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó tutù. Kì í tètè bàjẹ́, torí puolukka ní àsìdì benzoic nínú, irú ohun tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń fi sínú ohun mímu kó lè pẹ́. Èyí tí mo gún yẹn, ẹran poro díndín pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó gígún ni àwọn ará ibí fi ń jẹ ẹ́. Mo máa ń bu ṣíbí kan sínú ògì, ó sì ń bá a mu.

Oúnjẹ tó yà mí lẹ́nu jù ni vispipuuro. Sẹ̀mó ni wọ́n fi ń sè é, sẹ̀mó tí àwa ń fi ẹ̀fọ́ jẹ! Mo se bí ife kan àbọ̀ puolukka nínú lítà omi kan títí ó fi bẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo fi ṣúgà sí i. Mo wá ń wọ́n sẹ̀mó sí i díẹ̀díẹ̀, kò tó ife kan, mo ń rò ó kó má baà dì. Ìgbà tó jinná, mo gbé ìkòkò sí bákónì, níbi tí òtútù ìta ti ṣiṣẹ́ fíríìjì lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá ti tutù pátápátá ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ pò ó kíkankíkan. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí kúrò ní pupa di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Wàrà tútù ni wọ́n ń dà lé e. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n tún béèrè sí i. Bàbá wọn tọ́ ọ wò, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?