Ọ̀dà pupa tó wà nídìí ọkọ̀ epo

Àbúrò mi kan fi fídíò kan hàn mí. Ẹni tó ṣe é ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ, pé bí ọkọ̀ òkun bá jìnnà tí a ò rí ìdí rẹ̀ mọ́, ó kàn kéré jù fún ojú ni, pé kámẹ́rà tó bá lágbára á mú gbogbo rẹ̀ padà wá. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń gbé Èkó lè lọ fojú ara rẹ̀ rí ni. Mo ní kó múra, ká jọ lọ.

Àárọ̀ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú la yàn. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo gbogbo ọkọ̀ pátá, látòkè délẹ̀. Bí oòrùn bá sì mú, ooru á mú kí ojú omi lọ́ọ̀ọ́kán máa mì, èèyàn ò ní mọ ibi tí omi parí sí.

Etí òkun lápá Lẹ́kí la lọ. Mo ṣí áàpù tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn lórí fóònù, mo sì mú ọkọ̀ epo kan tó ju ìdákọ̀ró síbi tó tó kìlómítà 12 sí wa. Áàpù náà fi hàn pé ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rì sómi, ìyẹn ni pé ó ṣófo. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn: bí ọkọ̀ epo bá ṣófo, ó máa ń léfòó sókè, ọ̀dà pupa tí wọ́n kùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì yọ síta.

A jókòó sórí yanrìn lẹ́bàá omi, ojú wa ò ju bíi mítà kan lọ sókè òkun. Mo gbé awò awọ̀nàjíjìn kalẹ̀. Ilé funfun táwọn atukọ̀ ń gbé hàn kedere, títí kan ìlà fèrèsé rẹ̀. Ara ọkọ̀ tó dúdú náà hàn. Pupa ò sí. Ńṣe ló dà bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Mo fà á sún mọ́ra títí dé ibi tí awò náà lágbára dé: fèrèsé tóbi sí i, dúdú tóbi sí i, pupa ò yọjú. Tó bá jẹ́ pé kíkéré ló fà á, fèrèsé ni ì bá kọ́kọ́ pòórá, torí ó kéré ju ọ̀dà yẹn lọ fíìfíì.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé, bí o bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò fún ọ ní iye mítà tí ojú rẹ fi ga ju omi lọ, kí o wá fi sọ 3.57 di púpọ̀. Iye kìlómítà tó dé ìlà tí òkun ti pàdé ọ̀run nìyẹn. Láti ara bí ayé ṣe tóbi tó ni 3.57 ti wá, torí kìlómítà 6,371 ni láti àárín gbùngbùn rẹ̀ sí ojú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí náà a máa ń rí jìnnà díẹ̀ sí i. Fún àwa tá a jókòó, ìlà náà ò tó kìlómítà 4. Ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, bí ayé ṣe rọ̀ sísàlẹ̀ sì ti bo bíi mítà 5 nídìí rẹ̀. (Al-Biruni, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ kan, ti lo irú ọgbọ́n yìí ní ọ̀rúndún kọkànlá: ó gun òkè kan ní Nandana, ní ilẹ̀ tó di Pakistan lónìí, ó wọn bí ìlà ojú ọ̀run ṣe rẹlẹ̀ tó, ó sì fi ṣírò bí ayé ṣe tóbi tó.)

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà nítòsí. Mo kí bàbá tó ń ṣọ́ géètì, mo ṣàlàyé ohun tá a wá ṣe, ó ní ká máa gòkè. Lórí déékì, ojú wa ga tó mítà 16: 4 lọ́nà 4 ni 16, 4 lọ́nà 3.57 sì lé ní 14. Ìlà ti kọjá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nìyẹn. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ wojú awò. "Ẹ̀gbọ́n, pupa rèé!" Ó hàn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, omi sì tún hàn lẹ́yìn rẹ̀. Awò kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni.

Ọkọ̀ mìíràn tún wà ní kìlómítà 25 tó jẹ́ pé òkè rẹ̀ nìkan là ń rí. Àbúrò mi ṣírò tiẹ̀ fúnra rẹ̀: 7 lọ́nà 3.57 fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 25, 7 lọ́nà 7 sì jẹ́ 49. A ti ń wá ilé tó ga tó mítà 49 tí wọ́n máa jẹ́ ká gùn.