Bí ìró kò bá pàdé mọ́: jẹjẹrẹ ibi ẹyin obìnrin

Ẹ̀yin ìyá wa l'Ékìtì, ẹni tí iyán bá lára mu láti kékeré kì í ṣàdédé jẹ òkèlè mẹ́ta kó ní òun ti yó. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí ikùn ń wú tí ìró kò pàdé mọ́, tí apá sì ń rù, tí abẹ́ ìdodo ń dunni, tàbí tí a ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọjọ́ orí: ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ibi ẹyin. Ẹ má sì jókòó ti àgbo.

Sẹ́ẹ̀lì ara wa ní olùṣọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni èròjà tí wọ́n ń pè ní p53, tí àwọn onímọ̀ rí ní 1979. Bí sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, p53 á dá a dúró kó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, á jẹ́ kó kú. Nínú oríṣi jẹjẹrẹ ibi ẹyin tó wọ́pọ̀ jù, ohun tó ju 90 lọ nínú 100 ni p53 ti bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì wá ń pọ̀ bí èpò oko tí a kò ro.

Èròjà kejì ni E-cadherin. Ẹ rántí ògiri ilé àtijọ́: bí òjò bá wọ́ amọ̀ rẹ̀, á máa ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. E-cadherin ló ń di sẹ́ẹ̀lì mú mọ́ra wọn. Tó bá dínkù, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á já bọ́, á bá omi inú ikùn lọ, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó bo ìfun. Ohun tó ń fi omi kún ikùn nìyẹn, òun ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tó ti tàn ká. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi tìjọba àpapọ̀ n'Ídó-Èkìtì tàbí tìpínlẹ̀ l'Ádó. Ẹ béèrè sikáànù ikùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125. Àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ kì í ṣe ti jẹjẹrẹ yìí o. Bí wọ́n bá gé nǹkan jáde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù: ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á kùn ún láti wá p53. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá pọ́n rokoṣo bí obì gbígbẹ látòkè délẹ̀, tàbí tí kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó gba àwọ̀, p53 ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ béèrè ìtàn ìdílé pẹ̀lú. BRCA1 àti BRCA2 jẹ́ jíìnì, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ jẹjẹrẹ yìí. Èyí tó bàjẹ́ nínú wọn ṣeé jogún, ilé bàbá bí ilé ìyá. Àbúrò bàbá yín obìnrin tí ikùn rẹ̀ wú títí tó fi kú, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ kọ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àti ọjọ́ orí tí àìsàn náà mú wọn, kí ẹ tó kúrò nílé.