Ìwúwo Ẹrù Kì í Yí Padà, Ọgbọ́n Gbígbé Ló Ń Yí: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀, Ará Ilé àti Ọmọ Ilé Ìwé

Ọmọ tó wà ní girama lè ka òfin Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni ń ka oríkì, kó má sì mọ̀ pé bárò tí bàbá rẹ̀ fi ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko ni tíṣà ń sọ. Bàbá náà ti ń lo òfin ọ̀hún láti kékeré, kò kàn pè é lórúkọ ni. Nítorí àwọn méjèèjì la ṣe kọ ìwé pélébé yìí. Ẹ jọ kà á. Kí ọmọ ṣírò, kí bàbá sọ bóyá bó ṣe ń rí lóko nìyẹn.

Bárò

Táyà ló ń gbé iwájú bárò, ọwọ́ yín ló ń gbé ẹ̀yìn. Ká ní ẹ̀gẹ́ kìlò 60 ló wà nínú rẹ̀, tí àárín ẹrù náà fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìnnà sí àárín táyà, tí ibi tí ẹ dì mú sì fi 120 jìnnà sí i. Ẹ ṣe 60 ní ìlọ́po 40, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 120. Yóò jẹ́ 20. Kìlò 20 péré ló kan apá yín, táyà ló gbé 40 yòókù. Ẹ wá sún ẹrù yẹn sẹ́yìn títí àárín rẹ̀ fi jìnnà sí táyà ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan ò lé, síbẹ̀ ohun tó kan apá yín ti di kìlò 30. (A ò tíì ka ìwúwo bárò fúnra rẹ̀.)

Ẹ̀gẹ́ tó bá tóbi jù, ọ̀dọ̀ táyà ni kó sùn. Ṣùgbọ́n kó má ṣe kọjá táyà síwájú o, torí bí táyà bá kọ lu òkúta, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ẹ sì fún táyà ní afẹ́fẹ́. Táyà tó rọ̀ máa ń pẹ̀lẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ẹni tó ń tì í á wá máa rò pé ara òun ni kò le.

Igbà àti ọ̀pẹ

Nínú gbogbo irinṣẹ́ àgbẹ̀ wa, igbà ló jọ mí lójú jù. Okùn lásán, ó sì ń gbé odidi ènìyàn dé orí ọ̀pẹ.

Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn. Ó fara ti igbà sẹ́yìn, apá rẹ̀ nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ gírígírí. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ti ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pẹ ń ti ẹsẹ̀ padà, ipá méjèèjì dọ́gba. Òfin kẹta Newton nìyẹn. Títì yìí ló ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ di ara igi mú. Bí títì bá ṣe le tó ni dídìmú ń le tó.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí ẹ̀rù bá bà á, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni pé á fà mọ́ ara ọ̀pẹ, á fẹ́ gbá a mọ́ra. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti igi mọ́, ọ̀pẹ náà ò sì ti ẹsẹ̀ padà. Ló bá yọ̀. Ohun tó rò pé yóò gba òun là gan-an ló ń já a sílẹ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ má gùn ún rárá, torí omi ti wọ àárín ẹsẹ̀ àti èèpo, kò sí bí ẹ ṣe lè tì í tó tí yóò dì mú bí ìgbà tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí ìdì ẹyìn bá já láti ibi tó ga ní mítà 10, ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ kò ní pé kó tó balẹ̀. Nígbà tó bá fi máa kanlẹ̀, eré rẹ̀ á ti tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan, eré mọ́tò láàárín ìlú. Ẹni tó bá kígbe “ó ń bọ̀ o!” kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹyìn fi dé. Nítorí náà, kí ẹni tó wà lókè tó gbé àdá sókè ló yẹ kó kígbe. Àwọn ọmọ tó ń ṣa ẹyìn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìdí ọ̀pẹ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìdì ńlá máa ń yára já ju ẹyọ ẹyìn kan lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti fi èyí yé aráyé ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Kí ọmọ ilé ìwé mú òkúta ńlá kan àti kékeré kan, kó na ọwọ́ sókè, kó jù wọ́n sílẹ̀ pa pọ̀, kó tẹ́tí sí ìró wọn. Imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ló máa ń rọra bọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń dá a dúró. Ibi tí ìwúwo ti ń sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí nǹkan ọ̀hún bá bá orí ẹni.

Ọ̀kadà

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jẹ nínú rẹ̀ rí. Àpò ẹ̀gẹ́ méjì ni mo dì sẹ́yìn ọ̀kadà, ọ̀kan yọ kọjá táyà ẹ̀yìn. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Bí mo ṣe kan òkè kékeré kan, mo fi kún iná, táyà iwájú bá gbéra nílẹ̀. Èmi, ọ̀kadà àti ẹ̀gẹ́, gbogbo wa la jọ fẹ̀yìn balẹ̀. Orúnkún mi bó, ẹ̀gẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bárò náà ló padà wá. Ẹrù tó bá ti kọjá táyà ẹ̀yìn, iwájú ló ń gbé sókè. Àárín táyà méjèèjì ni kí ẹ di ẹrù sí, kó má sì ga.

Lọ́dún 1687 ni Isaac Newton tẹ òfin rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tó bá ń lọ á ṣì máa lọ, àfi bí ipá kan bá dá a dúró. Bírékì ń dá ọ̀kadà dúró, kò dá àpò tí ẹ kò so dúró. Ẹ̀yìn yín ló máa dá a dúró.

Ní títì gbígbẹ tó dára, ẹni tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan á lo bíi mítà 7 kó tó dúró lẹ́yìn tí bírékì bá ti mú. Tó bá jẹ́ 60 ló ń sá, mítà 28 ni, kì í ṣe 14. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà ìdúró di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀, kó gbà pé bírékì ń gé mítà 5 kúrò lára eré náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí òjò ti rẹ kò sí nínú ìṣírò yìí o.

Òṣùká àti kànga

Òṣùká kì í dín ẹrù kù. Ó ń fi ìwúwo náà tẹ́ sí ibi tó fẹ̀ lórí ni, kó má baà gún ojú kan.

Ti kànga náà fara jọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ṣoṣo tí ẹ so mọ́ òkè, tí okùn gbà kọjá, kò mú korobá fúyẹ́ rárá. Ó kàn jẹ́ kí ẹ máa fà sísàlẹ̀, kí ìwúwo ara yín lè bá yín fà á. Bí ẹ bá fẹ́ kó fúyẹ́ lóòótọ́, ẹ so orí okùn kan mọ́ òkè, kí ẹ wá fi kẹ̀kẹ́ kejì kọ́ korobá, kí okùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ti òkè. Ìdajì ìwúwo nìkan ni ẹ máa fà. Ṣùgbọ́n ẹ ra okùn tó gùn, nítorí kí korobá tó gòkè ní mítà 10, mítà 20 okùn ni yóò ti gba ọwọ́ yín kọjá.